Kílásì Tó Ń Fò

Àwọn tó kọ́ ilé tuntun sí kọ́lẹ́jì náà gbé e sórí ìpìlẹ̀ gíga, wọ́n fi àtẹ̀gùn méje síwájú rẹ̀, wọn kò sì ṣe irin kankan sí i tí ènìyàn lè dì mú. Orí àtẹ̀gùn kẹrin ni Hafsatou ti ṣubú lọ́jọ́rú. Orúnkún ló fi délẹ̀. Ìyẹn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó fi nǹkan kan ẹnu.

Alimatou, ìyá rẹ̀, ti tú aṣọ tó fi di orúnkún náà, ó wo ojú egbò, ó tún un dì. Lassissi, bàbá rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ méjì ní èjìká. Alùpùpù rẹ̀ ti wà níta. Manigri ló ń lọ, níbi tí oko wọn wà, nítorí oṣù kẹta ti dé, èso kajú ń já bọ́ lójoojúmọ́, bí ènìyàn kò bá tètè ṣà á, màlúù á jẹ ẹ́. Ọmọ Manigri ni gbogbo wọn. Torí ilé-ìwé ọmọ yìí ni wọ́n ṣe gba yàrá méjì sí Bàsílà.

Lassissi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó ní òun ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀ ní Manigri, obìnrin náà sì ti gbà láti kọ́ Hafsatou níṣẹ́, iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣe, tí kò ní àtẹ̀gùn. Alimatou dá a lóhùn pé oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ọmọ náà ṣe BEPC, ìdánwò ìparí ìpele kìíní ní kọ́lẹ́jì, àti pé nínú ọmọ méjìdínláàádọ́ta, òun ló ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò. Lassissi ní ìṣirò kọ́ ni wọ́n fi ń gun òkè.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹ ń wí yẹn," ni Alimatou wí, "ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ ni?"

Lassissi ní ẹsẹ̀ kan tó. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni pé kò fẹ́ kí ọmọ tó jókòó lórí ẹní gbọ́, bẹ́ẹ̀ yàrá náà kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé e wálé fún mi ńkọ́?"

Kò parí rẹ̀. Ohun kan náà ló ń gbé Alimatou pẹ̀lú dìde lórí ibùsùn lójoojúmọ́. Ó kàn da ẹ̀kọ sínú àwo, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Hafsatou, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti wọ aṣọ kakí ilé-ìwé, ó ti to ìwé rẹ̀. Síbí méjì ló bù jẹ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ na kọ́ọ̀bù omi sí i, ó ní òùngbẹ kò gbẹ òun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Alimatou rò pé ìbínú ni.

Lassissi ní tí òun bá dé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn yóò fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Kò pẹ́ tí Razak dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi alùpùpù gbé èrò, tó ti bá wọn ṣe àdéhùn láti máa gbé Hafsatou lọ, kó sì máa gbé e bọ̀. Ó gba ọ̀pá méjèèjì tí ọmọ náà ń kì bọ abẹ́ apá, ó fi wọ́n há iwájú ara rẹ̀. Alimatou dúró síta títí eruku wọn fi rọlẹ̀.

Ohun tó wà nídìí wàhálà náà ni pé ilé-ìwé kò ní yàrá tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti sọ kílásì Hafsatou di ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní kílásì tó ń fò. Kílásì tó ń fò kò ní yàrá tirẹ̀. Bí agogo bá lù, àwọn ọmọ á palẹ̀ ìwé wọn mọ́, wọ́n á sá lọ síbi tí àyè bá ti ṣófo. Láàárọ̀, inú yàrá àtijọ́ tó kẹ́yìn lápá ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Láago mẹ́wàá, wọ́n ní láti sọdá pápá, kí wọ́n fo kòtò àgbàrá tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, kí wọ́n gun àtẹ̀gùn méje yẹn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún wọn. Hafsatou, tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò lè gbé e, á lò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn bí kò bá ṣubú, olùkọ́ fisíìkì tó sì ń dúró dè wọ́n lókè kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá pẹ́.

Nígbà tí wọ́n wọlé lóṣù kẹwàá, Alimatou ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó lọ bẹ dìrẹ́tọ̀, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí kílásì yẹn jókòó sójú kan. Dìrẹ́tọ̀ ní àwọn yóò wò ó. Ó tún lọ lóṣù kejìlá, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ìjọba ló ń kọ́ yàrá, kì í ṣe ilé-ìwé. Láti ìgbà náà ni kò ti lọ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ó jókòó sábẹ́ òrùlé ìdáná, ó ń gé iṣu tó fẹ́ sá fún èlùbọ́. Aago méjìlá ti kọjá. Balkissou wọ àgbàlá. Ọmọ aládùúgbò tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá náà ni, òun àti Hafsatou jọ wà ní kílásì kan náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yà lọ́tọ̀ rí. Ó kí Alimatou pẹ̀lú ohùn tínrín, ó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sínú yàrá ìyá rẹ̀. Alimatou pè é padà, ó bi í pé ẹnìkejì rẹ̀ dà. Balkissou wo ilẹ̀. Ó ní òun rò pé ó ti ṣáájú òun délé.

Alimatou tẹ̀síwájú nínú iṣu gígé. Ó gé ọ̀kan, ó gé èkejì. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Razak lè ti dúró ra epo. Nígbà náà ni Razak fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ lórí alùpùpù.

"Ìyá Hafsatou," ló wí, "ṣé ẹlòmíràn ti gbé e wálé ni? Mo dúró títí gbogbo wọn fi jáde tán. Mi ò rí i."

 Alimatou fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú iṣu, ó gun ẹ̀yìn Razak bó ṣe wà, tòun ti ìró tí omi iṣu ti ta sí.

Ilé-ìwé ti pa. Láàárín aago méjìlá sí mẹ́ta, gbogbo ènìyàn á lọ jẹun, àwọn olùkọ́ á lọ sùn. Mamoudou, bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nìkan ni wọ́n bá lábẹ́ igi. Ó fi Ọlọ́run búra pé kò ku ọmọ kankan nínú ọgbà, pé òun ka orí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Alimatou wọlé lọ. Oòrùn dúró gangan lórí pápá. Gbogbo ilẹ̀kùn irin ló ní àgádágodo, gbogbo fèrèsé irin ni wọ́n ti pa nítorí eruku àti nítorí olè. Ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó tún un pè. Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́, tó lu ògiri tó sì padà sí i.

Ó ń sọdá pápá nígbà tó rí i. Nínú kòtò àgbàrá, láàárín ewé gbígbẹ àti ọ̀rá omi, ọ̀pá Hafsatou kan wà níbẹ̀, ó dùbúlẹ̀.

Ọ̀pá kan ṣoṣo. Alimatou kúnlẹ̀, ó nawọ́ sísàlẹ̀ títí apá rẹ̀ fi wọlé dé èjìká kó tó lè fà á jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wé aṣọ mọ́ orí ọ̀pá náà kó má baà máa bó ọmọ lábẹ́ apá. Ó dì í mú, ó ń gbìyànjú láti ronú. Hafsatou kò lè fi ọ̀pá kan rìn jìnnà. Kò lè dé ẹnu ọ̀nà. Nítorí náà, bí kò bá sí nínú ọgbà yìí, a jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé e.

Láti ìṣẹ́jú yẹn ni ìbẹ̀rù ti gba gbogbo ara rẹ̀, kò sì jẹ́ kó ronú ohun mìíràn mọ́. Ó ní kí Mamoudou ṣí àwọn yàrá. Mamoudou ní kọ́kọ́rọ́ kì í sùn lọ́wọ́ òun, pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá Taofic ló wà, alámòójútó tó ń tọ́jú ìwà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òun ló máa ń ti gbogbo ibi tó bá ṣófo nítorí pé wọ́n ti ń jí bẹ́ǹṣì kó. Ọ̀gá Taofic ti lọ sílé. Tẹlifóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Razak ní kí àwọn kọ́kọ́ wo ilé ìwòsàn ná. Wọ́n lọ. Wọ́n wo ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ sí, wọ́n wo àwọn tó wà lórí ibùsùn. Kò sí níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Alimatou ti pe Lassissi ní Manigri. Ó sọ ọ́ ní gbólóhùn méjì.  Ó gbọ́ tí alùpùpù ọkọ rẹ̀ bú, lẹ́yìn náà ìlà já.

Nígbà tó fi padà délé láti wò ó bóyá ọmọ ti dé, àgbàlá ti kún. Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Obìnrin kan ní ẹ̀gbọ́n òun rí ọmọbìnrin kan tó ní ọ̀pá lẹ́yìn ọkùnrin kan lórí alùpùpù, tí wọ́n doríkọ Pénéssoulou. Alimatou bi í pé ọ̀pá mélòó. Kò mọ̀. Òmíràn ní àwọn ọmọbìnrin ayé ìsinsìnyí, òbí kì í mọ ohun tó wà nínú wọn, pé èyí tó dákẹ́ jù ló ń ṣe é. Ẹ̀kẹta ní láti ìgbà yìí lòun ti ń sọ ọ́ pé ilé ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń wà, ta ló sọ pé kí wọ́n máa dáni lóró pẹ̀lú ìwé. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa kànga àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, èyí tí pákó ti jẹrà lójú rẹ̀. Alimatou gbójú sókè. Gbogbo wọn wo ibòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. 

Lassissi dé pẹ̀lú eruku pupa ní gbogbo irun ojú rẹ̀. Kò bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sọ ọ̀rọ̀ àárọ̀. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Níbo ni kànga náà wà?"

Wọ́n lọ, àwọn ènìyàn ń tẹ̀ lé wọn. Koríko ti ga yí kànga náà ká. Pákó mẹ́ta ló yẹ kó bo ojú rẹ̀, méjì ló kù. Lassissi dojúbolẹ̀, ó wo inú rẹ̀, òkùnkùn ló rí. Ó ní kí Razak tú dígí ara alùpùpù rẹ̀ fún òun. Ó fi dígí náà gba oòrùn, ó darí ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà rin ògiri kànga lọ díẹ̀díẹ̀. Alimatou kò lè súnmọ́ ibẹ̀. Ó dúró bí ìwọ̀n ìgbésẹ̀ márùn-ún, ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, ó ń dúró de ohun tí ẹ̀yìn yẹn máa ṣe. Bó bá gbọ̀n, a jẹ́ pé ó ti parí. Kò gbọ̀n. Lassissi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yí dígí sí apá kejì.

"Omi ni," ló wí níkẹyìn. "Omi àti korobá kan tó fọ́."

 Razak ló fà á sókè.

Ibẹ̀ ni ìyá Balkissou ti bá wọn. Ó di ọmọ rẹ̀ mú lọ́rùn ọwọ́, ó ń fà á bọ̀ nínú koríko. Ó ní ọmọ náà kò jẹun, kò bọ́ aṣọ, ó kàn jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọ̀sán. Balkissou kúnlẹ̀ níwájú Alimatou.

"Mo fi í sílẹ̀," ló wí.

Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí agogo aago mẹ́wàá lù, Hafsatou ní kí òun máa lọ, pé òun ń bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun dúró tì í, olùkọ́ sì tìlẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì síta, ó fún àwọn méjèèjì ní òdo. Bàbá òun ti búra pé tí òun bá tún gba òdo, òun á kúrò nílé-ìwé lọ sí oko. Nítorí náà òun sáré lọ. Òun bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, òun rí i pé ó ti dé ibi kòtò. Òun kò bojú wẹ̀yìn mọ́. Nígbà tí kò wọlé, òun rò pé ó jókòó síta bí ó ti máa ń ṣe.

Alimatou di èjìká rẹ̀ mú. "Yàrá wo lẹ wà kí agogo tó lù?"

"Èyí tó kẹ́yìn lápá ìsàlẹ̀."

Wọ́n sáré. Alimatou kò mọ ìgbà tí bàtà rẹ̀ bọ́. Nígbà tó dé ibi yàrá náà, ó fi etí ti fèrèsé irin. Ó gbóná débi pé ó jó o létí. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó dákẹ́, ó fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún pè é. Nígbà náà ló gbọ́ ohun kékeré kan, bí ìgbà tí èékánná ń ha pákó, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Mamoudou ń sọ pé ọ̀gá Taofic ti wà lọ́nà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Lassissi kò dúró dè é. Ó gbé òkúta tí wọ́n fi ń ti géètì, ó lu àgádágodo náà títí ìka rẹ̀ fi bẹ́jẹ̀, ó já. Ooru tó ti inú yàrá jáde dà bí ti ààrò. Ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn ni Hafsatou wà, ó dùbúlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ó fi ìwé tẹ́rí. Ètè rẹ̀ ti sán. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò mọ àwọn tó ń wò. Alimatou tú ìró tó wà nídìí ara rẹ̀, ó ku ṣẹ́mísì tó wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ nìkan, ó fi ìró náà wé ọmọ rẹ̀ láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà tó lè rí ohun tí òun ti rí lára síkẹ́ẹ̀tì náà. Lassissi gbé e. Gbogbo àwọn tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán yàgò fún wọn.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fa omi sí i lára, àpò kan, lẹ́yìn náà èkejì. Ó sọ fún wọn láìgbé ojú sókè pé ọmọ tí kò mu omi láti àárọ̀, tó wà nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ dé àkókò ìrun alásàárì, òun kò mọ ohun tí òun ì bá bá wọn sọ. Alimatou jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó di ẹsẹ̀ tó tínrín náà mú. Ó ń ka èémí ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́ díẹ̀, òun náà á dá tirẹ̀ dúró.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́rin kí Hafsatou tó sọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀pá yọ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ níbi kòtò, ó bọ́ sínú rẹ̀, òun kò lè nà dé ibẹ̀. Òun gbìyànjú, òun ṣubú. Pápá ti ṣófo. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ìkọjá kòtò náà, ó ní àtẹ̀gùn pẹ̀lú, ìdí nìyẹn tí òun kì í fi mu omi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bí òun ṣe ṣubú yẹn, ìtọ̀ bọ́ lára òun. Òun wọ́ ara òun padà sínú yàrá tí àwọn ti jáde kí ẹnikẹ́ni má baà rí òun, òun sá pamọ́ sẹ́yìn bẹ́ǹṣì.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọ̀gá Taofic," ló wí. "Mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Mo lè pè é nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n aṣọ mi tutù, Màmá. Mi ò fẹ́ kó rí mi bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá ń pè, kò sẹ́ni tó gbọ́ mọ́."

Alimatou rántí gbogbo kọ́ọ̀bù omi tí ọmọ yìí ti tì padà sí i láti ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí wá, àti bí òun ṣe ń bínú sí i. Kò lè gbójú sókè. Lassissi dìde, ó jáde lọ síta, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Wọ́n ti gbé e délé kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá Balkissou gún iyán, ó fi wàrà díndín sínú ọbẹ̀, ó gbé e wá fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń wọlé wá kí wọn. Obìnrin tó ní ẹ̀gbọ́n òun rí i lójú ọ̀nà Pénéssoulou náà wá, ó ní òun ti mọ̀ pé kò sí ohun tó máa ṣe é. Alimatou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, dìrẹ́tọ̀ dé pẹ̀lú ọ̀gá Taofic. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì fún wọn. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni dìrẹ́tọ̀, nítorí náà ó gbọ́ èdè wọn dáadáa, ó sì kí wọn bó ti yẹ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí sí. Ó ní gbogbo ọkàn òun ló gbọgbẹ́. Ó ní òun ti rò ó, òun sì rí i pé kò yẹ kí wọ́n máa fi ọmọ yìí sínú ewu, pé ilé-ìwé òun kò ní ohun èlò fún irú rẹ̀. Kó sinmi. Bóyá lọ́dún tó ń bọ̀. Ó mú ìwé kan jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún rẹ̀, ó gbé tàdáwà kékeré kan lé e.

"Ẹ kàn tẹ àtàǹpàkò yín síbí," ló sọ fún Lassissi. "Kí ọmọ lè sinmi ni."

Lassissi kò mọ̀wé Faransé kà. Ó wo ìwé náà, ó wo ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. Ó ti àtàǹpàkò rẹ̀ bọ tàdáwà. Ẹ̀rù tó ba Alimatou nígbà yẹn yàtọ̀ sí ti kànga, ṣùgbọ́n kò kéré sí i, nítorí ohun tí ọkọ rẹ̀ ti ń wá láti àárọ̀ nìyí, àlejò ló sì gbé e wá fún un délé.  

"Bàbá," ni Hafsatou wí, "ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín."

Dìrẹ́tọ̀ ní kó má ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà, kó dùbúlẹ̀. Lassissi ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Hafsatou fi apá gbé ara rẹ̀ dìde. Ó kà á sínú ná, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí yí i sí èdè wọn, ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ṣì gbẹ.

"Ó ní, 'Èmi bàbá ọmọ yìí ni mo fúnra mi béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nílé-ìwé, nítorí àìsàn rẹ̀.' Ó ní, 'Mo sì jẹ́rìí sí i pé ilé-ìwé ti ṣe gbogbo ohun tó yẹ kó ṣe.'"

"Tún ti ìgbẹ̀yìn kà," ni Lassissi wí.

Ó tún un kà.  Ọ̀gá Taofic ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lassissi jókòó, àtàǹpàkò dúdú náà ga sókè níwájú rẹ̀, kò jẹ́ kó kan nǹkan kan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní kí Hafsatou yí ìwé náà padà, kó mú bírò.

"Kọ ọ́ pé ọmọ mi kò ṣàìsàn," ló wí. "Kọ ọ́ pé àtẹ̀gùn ni kò jẹ́ kó wọ kílásì. Kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ wá bẹ̀ wọ́n nígbà mẹ́ta. Kọ ọ́ pé kí kílásì wọn jókòó sójú kan, kí àwọn olùkọ́ tó lẹ́sẹ̀ máa rìn lọ bá wọn."

Dìrẹ́tọ̀ ní wọn kì í tìtorí ọmọ kan ṣoṣo yí ètò gbogbo ilé-ìwé padà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú sùúrù. Hafsatou kò gbé ojú kúrò lórí ohun tó ń kọ. Ó ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìta, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn. Àwọn kílásì kékeré ló ń lò ó. Àwọn yẹn lè gun òkè.

Kò sí ẹni tó rò pé ọ̀gá Taofic máa lanu. "Òótọ́ ló sọ, dìrẹ́tọ̀," ló wí. "Yàrá yẹn ṣeé pààrọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Hafsatou. Ó tẹrí ba fún un.

Lassissi tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sẹ́yìn ìwé náà, nísàlẹ̀ ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ. Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ́, ó sì na ìwé náà padà sí ẹni tó mú un wá. Dìrẹ́tọ̀ ká a. Ó ní òun yóò pe àwọn olùkọ́ jọ lọ́jọ́ Ajé. Kò ṣe ìlérí. Lassissi ní lọ́jọ́ Ajé, òun àti ìyá ọmọ yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́jì kí aago méje tó lù, pẹ̀lú ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Alimatou bu omi fún un láti fọwọ́. Tàdáwà náà kò lọ. Ó bi í léèrè, láìwò ó lójú, pé aránṣọ Manigri ńkọ́.

"Ẹ̀rù ṣì ń bà mí," ni Lassissi wí.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Wọ́n pe ìrun mọ̀gàríbì. Lassissi lọ sí mọ́sálásí. Alimatou ń kó àwo iyán tí ẹnìkan kò fọwọ́ kàn nígbà tó rí i pé ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Balkissou ni. Ó gbá ìwé fisíìkì mọ́ àyà, kò lè wọlé, kò sì lè padà. Kò sí ẹni tó mọ bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀.

Hafsatou wò ó títí. "Wọlé," ló wí. "Kí ni wọ́n kọ́ yín láago mẹ́wàá?"

"Mi ò mọ̀," ni Balkissou wí. "Mo jókòó síbẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Hafsatou fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó sún un sápá kan, kí àyè lè wà lórí ẹní.